Ọdún Tí Wọ́n Bí Òkété

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ jẹ́ kó dún dáadáa, kí àwọn tó wà lẹ́yìnkùlé náà gbọ́. Àlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Àlọ́ mi ré bọ́ǹtọ́, ó dá lórí Òkété tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì dà bí àpò. Ó dá lórí Ẹlírí, ọmọ kékeré. Ó sì kan ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó sórí àga tó lẹ́yìn, tí ẹ fi ẹní tó ti ya sílẹ̀ fún àwa tó kù. Ẹ má bínú o. Àlọ́ ni mò ń pa, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Bó bá ba ẹnì kan, kí onítọ̀hún rọra sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Ní ìgbà kan rí, gbogbo ẹran kéékèèké tó ń fi eyín gé nǹkan jẹ́ ẹbí kan náà. Ìyá Òòrẹ̀, tí ẹ̀gún kún ẹ̀yìn rẹ̀, ni ìyá àgbà wọn. Òun ló ń gbé ilé ẹbí, ihò ńlá kan tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Àwọn yòókù ti fọ́n ká. Ẹlòmíràn ń gbé létí odò, ẹlòmíràn wà lóko ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí ọyẹ́ bá ti dé, tí ètè gbogbo ayé ti ń là, gbogbo wọn á wálé.

Ẹ̀yin náà mọ bí ẹbí ṣe ń wálé. Asín, ẹlẹ́nu ṣóṣóró, á kọ́kọ́ dé, kó lè ráyè bú ẹni tó bá pẹ́. Ọ̀yà á dé pẹ̀lú ariwo. "Ṣé ẹ wà láyè nílé yìí?" Á sì di orí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú. "Ọmọ ta nìyí? Ìwọ lo ga tó báyìí? Ṣé o mọ̀ mí? O ò mọ̀ mí! Èmi ni mo gbé ọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, o sì tọ̀ sí mi lára!" Gbogbo ọmọ ló ń sọ ọ́ fún. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, a jẹ́ pé aṣọ Ọ̀yà kò gbẹ rí láyé.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ àtijọ́. Omi àtijọ́ dùn ju ti ìsinsìnyí lọ. Ẹ̀pà àtijọ́ tóbi. Òjò àtijọ́ pàápàá, ó ń kíni kó tó rọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń fà wọ́n wálé gan-an ni àádùn Ìyá Òòrẹ̀. Ìyá á yan àgbàdo, á lọ̀ ọ́ kúnná, á fi epo pupa pò ó, á bu ata àti iyọ̀ díẹ̀ sí i. Odidi igbá ńlá ni. Tí ẹ bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ ó dárí ji ọ̀tá yín.

Òfin kan wà lórí àádùn yìí. Ọmọ tó kéré jù lọ ló ń pín in. Á bù ú ní òkìtì òkìtì sórí ewé, òkìtì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá lè wá náà ní tirẹ̀, wọ́n á dì í ránṣẹ́ sí i. Nígbà tó bá pín in tán, àgbà jù lọ á kọ́kọ́ mú, ẹni tó tẹ̀ lé e á mú, títí yóò fi kan ọmọ tó pín in. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n ibẹ̀? Ẹni tó pín ló ń mú kẹ́yìn. Kò jẹ́ bu òkìtì kan kéré, torí òun ni kékeré náà yóò kù fún.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ àgbà? Kò sí ìwé ọjọ́ ìbí nínú igbó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí ọ, òun ni ọjọ́ orí rẹ. Ọdún Omíyalé ni wọ́n bí Ìyá Òòrẹ̀, nígbà tí odò kún wọ gbogbo ihò. Ó pẹ́ gan-an kí ọdún Eṣú tó dé, ọdún náà ni wọ́n bí Ọ̀yà. Asín, ọdún Ẹ̀gẹ́ Kíkorò ni tirẹ̀, ẹ sì lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Òkété dé lẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹlírí nìkan ni Òkété jù lọ nínú àwọn tó ń jókòó ti igbá. Nítorí náà, tí wọ́n bá ń mú àádùn, Òkété á máa ká ẹsẹ̀ jọ, á máa nà án, á máa gbé itọ́ mì. Tó bá kàn án, òkìtì méjì péré ló máa ń kù nílẹ̀.

Ó wá di ọdún kan, òjò kọ̀. Àgbàdo kò tó nǹkan. Igbá àádùn ọdún yẹn kò kún dé ìdajì. Ìyá Ẹlírí ò sì lè wá, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ó rán Ẹlírí lọ. Ó ní, "Ọmọ mi, láti ìjẹta mi ò rí nǹkan gidi fi kan ẹnu. Omi ọyàn mi ti ń gbẹ. Tí wọ́n bá pín àádùn, má jẹ́ kí tèmi sọnù."

Ẹlírí ní òun ti gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pín àádùn, Òkété dìde, ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Lọ́dún tí àgbàdo kò pọ̀ yìí, èmi á tún ṣe ìkejì láti ẹ̀yìn? Ká má rí i!" Ó kọjá níbi ààrò kan tí iná ti kú. Ó fi orí gbo eérú. Ó ti ìrù bọ̀ ọ́ títí dé ìdajì. Ti orí ṣàn lọ lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, ti ìrù kọ̀, kò lọ. Ẹ wo ìrù òkété lọ́la, ẹ ó rí i. Ó wá ṣẹ́ igi kan, ó fi ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ sílé ẹbí, ó ń wúkọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Asín wò ó tòkètilẹ̀. "Ọmọ ta ni? Òkété, kí ló ṣe orí ẹ?"

"Ewú ni."

"Ewú? Ṣebí mo rí ẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá!"

"Asín, ìyá mi ló fi ọjọ́ orí mi pamọ́ nítorí ayé. Ọjọ́ tó fẹ́ kú ló tó pè mí, ó ní, 'Òkété, o ti dàgbà o. Ọdún Eṣú ni mo bí ọ.'"

Ọ̀yà fò dìde. "Ọdún Eṣú ni wọ́n bí èmi náà! Ìwọ kọ́ lo máa ń pè mí ní bọ̀dá?"

"Mo mọ̀ pé inú ọdún náà ni wọ́n bí ọ. Ìparí rẹ̀ ni tìrẹ. Èmi ni mo gbé ọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, o sì tọ̀ sí mi lára."

Ọ̀yà tó ń fi ọ̀rọ̀ yẹn na gbogbo ayé, wọ́n ti fi na òun náà.

Òkété wá wo apá ibi tí Ìyá Òòrẹ̀ jókòó sí. Ìyá ń fi èékánná ha epo kúrò ní etí igbá. Òkété rí i pé bí Ìyá bá ṣì ju òun lọ, ìyá ni yóò kọ́kọ́ mú. Ó yáa fi ọ̀pá kanlẹ̀.

"Kí n má tàn yín, ọdún Eṣú jìnnà sí mi. Kódà mo ju ọmọ ọdún Omíyalé lọ. Ọdún Iná ni wọ́n bí mi. Mo fi ojú mi rí i."

Kò sí ẹni tó wà láyè tó rí ọdún Iná. Ìtàn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Gbogbo wọn mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹlírí pàápàá mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú ẹni tó ní òun ló dàgbà jù, kó sọ pé o purọ́? Bó bá lọ jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ọ̀yà kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní torí àìmọ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Asín kúnlẹ̀ kẹ́yìn, ó ń kùn bí agbọ́n.

Ìwà wa nìyẹn. À ń bẹ̀rù kí wọ́n má pè wá ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, a sì ń dọ̀bálẹ̀ fún eérú.

Ẹlírí pín àádùn tán. Ọwọ́ rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n òkìtì rẹ̀ dọ́gba bí eyín ọmọdé. Òkété na ọwọ́, ó mú ọ̀kan. Ó tún na ọwọ́, ó mú ìkejì.

Asín ní, "Bàbá, ẹyọ kan lẹnì kan ń mú."

"Láyé ìsinsìnyí ni. Láyé àtijọ́, ọwọ́ méjì ni àgbà ní, òkìtì méjì ló ń mú." Ó ti fa ewé mìíràn sún mọ́ ara rẹ̀. "Láyé àtijọ́, ọmọdé kì í jẹ àádùn. Ó ń sọ wọ́n di olè." Ó tún fa òmíràn. "Láyé àtijọ́, ìpín ẹni tí kò wá, àgbà ló ń bá a tọ́jú ẹ̀."

"Níbo lẹ ń bá a tọ́jú ẹ̀ sí, Bàbá?"

Òkété na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ o. Nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ "láyé àtijọ́," ẹ má wo ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Kí lẹ wí, Bàbá Móríyikẹ́? Rárá o, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Òkété ni. Ẹ jókòó ti igbá ẹ̀pà yín, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹlírí rí i pé òkìtì ìyá òun ti wà lára èyí tí Òkété kó síwájú. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, tìyá mi nìyẹn. Ọmọ mẹ́fà ló ń fà á lọ́mú."

"Kí ló dé tí kò wá fúnra rẹ̀? Láyé àtijọ́, àná lobìnrin ń bímọ, òní ló ń lọ sóko."

Ó ṣe Ẹlírí bí ẹni pé kó sunkún. Ṣùgbọ́n kò sunkún, orin ló fi sọ ọ́. Ẹ bá mi gbè é, "Pẹ́lẹ́ńgẹ́" ni ègbè rẹ̀.

Òkété dákun, dákun o,
*Pẹ́lẹ́ńgẹ́.*
Ìyá mi bímọ, ó bí mẹ́fà,
*Pẹ́lẹ́ńgẹ́.*
Ọmú ti gbẹ, ẹkún ò gbẹ,
*Pẹ́lẹ́ńgẹ́.*
Ẹ bi í fún mi, ẹ̀yin ẹbí,
*Pẹ́lẹ́ńgẹ́.*
Ṣé àtijọ́ ò mọ ebi ni?
*Pẹ́lẹ́ńgẹ́, pẹ́lẹ́ńgẹ́ o.*

Ọ̀yà ń wo ilẹ̀. Asín ń ge ètè ara rẹ̀ jẹ. Ẹlírí wá yí sọ́dọ̀ Ìyá Òòrẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí láyé àtijọ́?"

Ìyá Òòrẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi, ọmọ ọdún Omíyalé lásán ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó yẹn, mi ò lè já a nírọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi í ní nǹkan kan, kó rán mi létí."

Ó dìde, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Òkété wọ̀ọ̀. Inú Òkété dùn débi pé ó gbàgbé láti wúkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ogbó. Ẹ̀yin tí ẹ rí ọdún Iná, ṣebí ẹ̀yin lẹ búra?"

Òkété ò mọ ìbúra kankan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé òun ò mọ̀? "A búra," ó ní. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ti kún fún àádùn. "A búra dáadáa."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò lè gbàgbé. Ìyá mi sọ ọ́ fún mi. Ó ní iná jó oko, ó jó ilé, ó sì yan gbogbo àgbàdo tó wà nínú àká mọ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tó yè é wá kóra jọ, ẹ ní ẹ ò ní í fi àgbàdo yíyan kan ẹnu mọ́ láéláé. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi ń ṣe àádùn fún wa tí òun fúnra rẹ̀ kì í tọ́ ọ wò. Àbí irọ́ ni ìyá mi pa?"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété dúró. Kò jẹ mọ́, kò sì lè tu ú.

"Ẹni tó bá wá ṣèèṣì jẹ ẹ́, ẹ rán mi létí, ẹ̀gbọ́n mi. Igbá omi ewúro mélòó ló gbọ́dọ̀ mu kí ọ̀fun rẹ̀ má bàa wú? Ṣé méje ni, àbí mẹ́sàn-án?"

Asín ti dìde. "Ewúro wà lẹ́yìn ilé!"

Ọ̀yà náà dìde. "Èmi á fún omi rẹ̀! Ọwọ́ mi le!"

Òkété gbé odidi àádùn mì lẹ́ẹ̀kan. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ dúró ná! Ogbó ń dà mí lọ́kàn rú. Mo rò pé ọdún Omíyalé ni."

"Ye è!" Ìyá Òòrẹ̀ fi ọwọ́ gbá a mọ́ra, ẹ̀gún gún un. "Ẹgbẹ́ mi! Gbogbo wọn ti kú tán, mo rò pé ó ku èmi nìkan. Àwa ọmọ ọdún Omíyalé, tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, àwa la máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga ẹbí lọ wú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ara mi ò gbé e mọ́. Ọ̀la lo máa sọ̀ kalẹ̀. Ejò inú rẹ̀ ò pọ̀."

"Eṣú! Eṣú ni mo wí lákọ̀ọ́kọ́! Ọdún Eṣú ni wọ́n bí mi!"

Ọ̀rọ̀ ti yé Ọ̀yà wàyí. Ó di ọrùn Òkété mú pẹ̀lú ìfẹ́. "Ẹlẹgbẹ́ mi! Ó ti sú mi láti máa dá ṣọ́ oko ẹ̀gẹ́ ẹbí. Ọdẹ mẹ́ta ló ń wá síbẹ̀. Tí wọ́n bá yìnbọn, ìwọ á sá sápá ọ̀tún, èmi á sá sápá òsì, kí wọ́n lè yan ẹni tó wù wọ́n."

Òkété bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí Asín tó ń bọ̀ pẹ̀lú ewúro lọ́wọ́ kan. Asín ní, "Ọdún Ẹ̀gẹ́ Kíkorò ńkọ́? Ṣé kí n sọ iṣẹ́ tiwa fún ọ?"

Òkété ò dúró gbọ́ ọ. Ó figbe ta. "Èmi ni mo kéré jù! Ọdún tó kọjá ni wọ́n bí mi! Ẹlírí gan-an jù mí lọ!"

Ìyá Òòrẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí gbogbo ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹbí, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ?"

"A gbọ́!"

"Ta ló kéré jù nílé yìí?"

"Òkété!"

"Ta ló ń pín àádùn?"

"Ẹni tó kéré jù!"

Asín gba ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó yá, ọmọ kékeré. Kó gbogbo rẹ̀ padà sínú igbá, kí o tún un pín. Kí ọwọ́ rẹ mọ́ o."

Kí ni Òkété ó ṣe? Ó pín in. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ìwà ò lọ bọ̀rọ̀. Bí ó ṣe ń tẹ́ ewé sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ kòtò kan síbẹ̀, ó tẹ́ ewé bò ó, ó rọ àádùn kún kòtò náà, ó wá bu díẹ̀ sórí rẹ̀. Lójú, òkìtì yẹn rí pẹlẹbẹ, bí ohun tí adìyẹ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ta ni yóò mú irú rẹ̀? Òun ló máa kù fún ẹni tó kẹ́yìn.

Ìyá Òòrẹ̀ mú tirẹ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ yan òkìtì tó ga dáadáa fún ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà, ó dì í, ó gbé e fún Ẹlírí. Ọ̀yà mú, Asín mú, àwọn yòókù mú. Kò sẹ́ni tó wo pẹlẹbẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ku òkìtì méjì nílẹ̀, Ẹlírí ló sì kàn, torí ó ti di ẹ̀gbọ́n.

Òkété tẹrí ba. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú èyí tó ga yìí. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ, èmi á fara mọ́ kékeré."

Ẹlírí na ọwọ́ sí èyí tó ga. Ó tún dúró. Ó rò ó. Ìgbà wo ni Òkété fi ohun ńlá han ẹlòmíràn rí?

Ó mú pẹlẹbẹ.

Ó fa ewé náà, ewé kò tètè wá. Ó fà á, ó fà á, ó ń jáde láti inú ilẹ̀ bí iṣu. Ìlọ́po mẹ́ta òkìtì ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Ọ̀yà dojú bolẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Asín ní, "Ọmọ kékeré, o mà mọ̀ ọ́n pín o!"

Òkété fọ igbá. Ó gbálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó ru ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ délé. Ẹlírí ń lọ níwájú, ó gbé ìpín ìyá rẹ̀ mọ́ àyà. Òkété ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àádùn lórí, òórùn ń já sí i nímú ní gbogbo ọ̀nà, kò sì gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Nígbà tí ìyá Ẹlírí jẹun tán, tó mu omi, ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mu ọmú, wọ́n sùn lọ.

Asín bi Ìyá Òòrẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé, "Ìyá, ìbúra ọdún Iná yẹn, ṣé wọ́n búra lóòótọ́?"

Ìyá ní, "Ta ló wà láyè tó lè sọ pé wọn ò búra?"

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ó kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ oúnjẹ àgbà, kó múra láti ṣe iṣẹ́ àgbà. Ó kọ́ wa pé kí a má fi àtijọ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọdé, torí àtijọ́ tí kò jẹ́ kí ọmọ yó, eérú ni, ewú kọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n tí ebi bá ń pa ìyá yín, ẹ bi wọ́n léèrè.

Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ kan lé e, kí ètè mi má lè súfèé mọ́ láyé. Ẹ gbọ́, mo ṣì lè sú u: fííì!

Ó yá, ta ló kéré jù níbí? Ìwọ ni? Dìde, gba igbá ẹ̀pà yẹn lọ́wọ́ Bàbá Móríyikẹ́, kí o pín in.